Ṣé Òfò Ni Kí A Tú Iṣẹ́ Tí A Ti Ṣe?



Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kíróṣè mọ̀ dájú pé ohun kékeré kan ṣoṣo ni ó ń di gbogbo rẹ̀ mú, èyíinì ni ojóbó kan tí ó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ oníkọ́. Bí a bá yọ abẹ́rẹ́ náà, tí a sì fa òwú, ojú kan yóò tú tẹ̀ lé òmíràn títí yóò fi kan ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ òkè kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé fọ́nrán púpọ̀ ni ó dábùú ara wọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kíróṣè tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe lè di ìdì òwú lásán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí náà ni ìbéèrè kan ṣe máa ń dojú kọ obìnrin tí ó ń hun fìlà ọmọ tuntun tàbí etí aṣọ pẹpẹ. Bí ó bá rí àbùkù ní ẹsẹ̀ kẹrin, nígbà tí iṣẹ́ ti dé ẹsẹ̀ ogún, ṣé kí ó tú u ni, tàbí kí ó máa bá a lọ? Àwọn kan a ní òfò ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn a ní ọ̀lẹ ni ẹni tí kò bá tú u. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì yára dájọ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àbùkù náà fúnra rẹ̀. Àbùkù kan wà tí ó jókòó sí àyè tirẹ̀, bí ojú kan tí ó le díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò ran ẹlòmíràn. Ẹ fi sílẹ̀. Òmíràn ń bẹ tí ó ń bímọ. Bí ènìyàn bá fi ojú 100 bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń fo ojú ìkẹyìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí yóò bá fi hun ẹsẹ̀ 20, ojú 80 ni yóò kù, aṣọ tí ó yẹ kí ó dọ́gba yóò sì ti fún lókè. Bẹ́ẹ̀ ni fìlà: bí ojú tí a ń fi kún un kò bá tó, yóò ká kò bí àwo kí ó tó fẹ̀ tó orí. Ẹsẹ̀ tí ó dára jù lọ tí a bá hun lé irú àbùkù bẹ́ẹ̀ lórí, yóò wọ́ tẹ̀ lé e ni. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó wẹ̀yìn, tí ó rí ohun tí ó gbé e ṣubú, tí ó sì tún ń tẹ̀ síwájú kìkì nítorí pé ó ti rìn jìnnà, àárẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń sìn.

“Àkókò tí mo ti lò ńkọ́?” Àkókò náà ti lọ. Bí a tú iṣẹ́, kò ní padà. Bí a kò tú u, kò ní padà. Iye àkókò tí ó kù ni ó tọ́ kí a béèrè, àti ẹni tí yóò wọ aṣọ náà. Òwú a padà sí wa lọ́wọ́, ọwọ́ pàápàá sì ti mọ ọ̀nà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Síbẹ̀, títú ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Nínú Odyssey, ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìkì, Penelope ń hun aṣọ lọ́sàn-án, ó sì ń tú u lóru fún ọdún mẹ́ta, kí ó má baà parí rẹ̀, kí àwọn tí ń yọ ọ́ lẹ́nu má baà rí i fẹ́. (Aṣọ òfì ni, kì í ṣe kíróṣè, ìyà ńlá ni yóò jẹ.) Tirẹ̀ ní ìdí, nítorí ọkọ rẹ̀ ni ó ń retí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń tú iṣẹ́ nítorí ìbẹ̀rù ojú ayé, tí ó sì ń pè é ní àtúnṣe? Orí ọmọ ọwọ́ kì í dúró de fìlà.

Ọ̀ràn kan kù tí mo kà sí wíwúwo ju ìyókù lọ: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tú u? Mo ti rí olùkọ́ tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì fà á tú lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé àbùkù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà rí kọ́ lọ́jọ́ náà ni bí a ti ń fi àṣìṣe pamọ́. Kí olùkọ́ fi ìka tọ́ka sí ojú tí ó ṣì, kí ó bá a kà á, kí ó sì fi òwú lé e lọ́wọ́ kí ó fà á fúnra rẹ̀. Bí ó bá sunkún, kí ó sunkún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá sì ti tú tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré gbé abẹ́rẹ́. Òwú tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ a máa ká kò, bí a bá sì fi hun nǹkan bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní dọ́gba. Kí a ká a ní ìdì, kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a fi kọ́ kí ó gbẹ. Ó di ọjọ́ kejì kí a tó tún ta ojóbó àkọ́kọ́.