Ta Ló Ni Orúkọ Onígbèsè?

Kí ni áàpù tó ń yáni lówó fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá yín ṣe? Iṣẹ́ sọ́fítíwià ni mò ń ṣe jẹun, mo sì mọ̀ pé kóòdù tí kò tó nǹkan ló máa kó gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù yín, látorí ọ̀gá yín dórí àfẹ́sọ́nà yín, lọ sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ò rí rí. Ìyẹn ò lè sọ fún wọn bóyá ẹ máa rí owó san. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ò bá rí i san ni wọ́n ń dè. Ẹ rò pé ẹ yáwó láìfi nǹkan kan dógò, àṣé orúkọ yín lẹ fi dógò.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa ológò nínú The History of the Yorubas, ẹni tí olówó máa ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nílé. Á máa pariwo, á máa béèrè oúnjẹ, á gbá adìyẹ mú, títí wọ́n á fi wá owó náà. Ìwọ̀fà náà wà: iṣẹ́ tó ń ṣe dúró fún èlé nìkan, owó gan-an ò dín kọ́bọ̀. Torí náà, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ayé àtijọ́ ṣàánú onígbèsè. Àmọ́ ológò lójú, ó lẹ́nu. Àgbà ilé lè jáde wá bẹ̀ ẹ́, ariwo rẹ̀ ò sì ju àdúgbò lọ. Téèyàn bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé "Lágbájá olè ni" nípa ẹni tí wọ́n jọ ṣe iléèwé lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí kò sì ṣe onídùúró fún un rí, ta la fẹ́ bẹ̀?

Àwa fúnra wa la fún wọn lágbára yẹn. A ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀rù ẹ̀sín yìí ló ń mú kéèyàn yáwó níbì kan san tibòmíì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹ yá ₦50,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 30 nínú 100 lóṣù. Lóṣù kìíní, ₦65,000 lẹ máa san. Ẹ yá ìyẹn níbòmíì, ó di ₦84,500. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó di ₦109,850. Oṣù mẹ́ta péré, ₦50,000 náà lẹ sì ná. Nídìí iṣẹ́ wa, tá a bá kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tún ṣe léraléra, a gbọ́dọ̀ kọ ibi tó máa ti dúró. Tá ò bá kọ ọ́, ẹ̀rọ náà á ṣe é títí á fi dákú.

Ibi ìdúró yẹn ni òfin ń pè ní bankruptcy: èèyàn á sọ níwájú òfin pé apá òun ò ká a mọ́. Ní England, kì í sábà ju oṣù 12 lọ kí wọ́n tó tú èèyàn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ gbèsè á sì di àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìtanràn kóòtù ò sí lára ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gba ọ̀nà Chapter 13 á máa san ìwọ̀n tágbára rẹ̀ ká fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Nàìjíríà náà ní òfin tiẹ̀ láti 1979, àmọ́ àsìkò ìdìbò ni ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ ọ, torí òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní ẹni tó ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ ò lè lọ sílé aṣòfin. Ìyà la mọ̀ ọ́n sí.

Ṣé olè kọ́ nìyẹn? Ìbéèrè gidi ni, torí owó ẹlòmíì ni. Tó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńkọ́, tó jẹ́ pé àwọn ìyá oníṣòwò ló dá a jọ? Ohun témi rí nìyí: ẹni tó bá gba ọ̀nà òfin yìí kì í kàn dìde lọ. Á ṣí gbogbo àpò rẹ̀: báǹkì, mọ́tò, ilẹ̀. Wọ́n á mú èyí tó ṣeé mú, wọ́n á pín in fáwọn olówó, tó bá sì fi nǹkan pa mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tí kò ní yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ san. Ẹ̀sín ò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tójú ń tì ló ń pa. Ọ̀dájú onígbèsè á kàn dí nọ́ńbà wọn pa, á wọ aṣọ ẹbí, ó di òde àríyá.

Kẹ́ ẹ tó dé kóòtù ṣá, ẹ má yáwó san gbèsè mọ́. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya owó tẹ́ ẹ yá sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìyà, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí olówó nípa iye tẹ́ ẹ lè máa san. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí pé ó kàn rú àdéhùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ báǹkì lẹ jẹ, ẹ má sá lọ ṣí àkáǹtì síbòmíì, torí BVN máa tú yín fó. Láti 2023 ni Google ti ní áàpù owó yíyá orí Play Store ò gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà inú fóònù mọ́, àjọ FCCPC náà sì ń gba ẹjọ́ àwọn tí wọ́n bá dójú tì. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbé áàpù tiwọn gba ẹ̀yìnkùlé.

Irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé sórí fóònù mi lọ́dún tó kọjá, nípa ọmọkùnrin kan tá a jọ ṣiṣẹ́ rí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i kó lè fi gbe ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò tiẹ̀ tíì mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.