Ara Líle Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Bí ẹ bá gba Ifákọ̀ kọjá ní Èkó ní kùtùkùtù Sátidé, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tó ń sáré lọ sápá Gbàgádà, tí òógùn bò wọ́n. Ẹ bi ọ̀kan nínú wọn pé ìgbà wo ló yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò gbẹ̀yìn. Ohun tó máa ń jáde lẹ́nu wọn kò pọ̀: "Èmi kẹ̀? Ṣé ẹ ò rí bí ara mi ṣe le ni?" Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn Samuel Okwaraji, pàápàá fún àwọn tí wọn kò tíì dáyé nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989. Èrò kún pápá ìṣeré Sùúrùlérè fọ́fọ́. Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀nà àtidé Ife Àgbáyé ọdún 1990 ni wọ́n ń wá. Okwaraji wà láàárín pápá. Ọmọ ọdún 25 ni. Lọ́yà ni, ó kàwé òfin dé ìlú Róòmù, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù ní Austria àti Jámánì. Ta ni ì bá wo irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ kó ní àìsàn ń bẹ lára rẹ̀?

Nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 kí eré parí, ó ṣubú. Ẹnikẹ́ni kò gbá a lẹ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tì í. Kò dìde mọ́. Nàìjíríà jẹ góòlù kan ọjọ́ náà, Àǹgólà kò jẹ rárá, àmọ́ ta ló kù tó máa yọ̀? Àyẹ̀wò òkú ló wá sọ ohun tí ojú gbogbo ènìyàn kò rí: ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ba ọkàn jẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan ènìyàn. Ẹ wo alábàárù tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní ọjà Mile 12 láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bó pẹ́ bó yá, apá rẹ̀ á ki pọ́pọ́. Iṣan ni ọkàn náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ẹrù ọkàn ti wúwo nìyẹn, tọ̀sán-tòru ló sì ń gbé e láìsinmi. Òun náà á ki. Ṣùgbọ́n kíki ti apá alábàárù ni agbára, kíki ti ọkàn ni àìsàn. Àyè tí ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀ nínú rẹ̀ á dín kù, ara rẹ̀ á gan, lílù rẹ̀ sì lè ṣàdédé dàrú. Ní gbogbo àsìkò yìí, olúwa rẹ̀ lè máa sáré, kó máa jẹun, kó máa rẹ́rìn-ín. Kì í dunni.

Kì í ṣe ara líle nìkan ló ń tan ènìyàn, bébà dókítà náà lè tan ni. Ọjọ́ méjì péré kí Okwaraji tó ṣubú, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ kan náà, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, New England Journal of Medicine, gbé èsì ìwádìí kan jáde. CAST ni wọ́n ń pe ìwádìí náà. Mi ò tíì gbọ́ ìtàn ìṣègùn tó bà mí lẹ́rù tó o.

Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé bí ẹnì kan bá bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù ọkàn, tí ọkàn rẹ̀ sì ń ṣì lù lórí bébà ẹ̀rọ ECG tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, ikú máa ń tètè pa á. Wọ́n wá rò ó pé bí oògùn bá lè mú àṣìlù yẹn kúrò, ẹ̀mí á gùn. Oògùn méjì wà tó ń ṣe é dáadáa, encainide àti flecainide. Bí aláìsàn bá lò ó, bébà á mọ́ tónítóní. Inú dókítà á dùn, ti aláìsàn náà á dùn. Wọ́n kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àwọn kan ló ní ó tì, ẹ jẹ́ ká dán an wò ná. Wọ́n pín aláìsàn 1,455 sọ́nà méjì. Ẹni 730 ń lo ọ̀kan nínú oògùn náà, ẹni 725 ń lo hóró tó jọ oògùn àmọ́ tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, dókítà rẹ̀ kò mọ̀. Kò tó ọdún kan tí wọ́n fi ka òkú: 22 lára àwọn tí kò lo oògùn, 56 lára àwọn tó lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún iye yẹn kà. Oògùn tó tún bébà ṣe ló ń pa ẹni tó ni ọkàn. Wọ́n dá apá ìwádìí yẹn dúró lójú ẹsẹ̀. Ká ní ẹnikẹ́ni kò fi aláìsàn wé aláìsàn, wọn ì bá ṣì máa fún ènìyàn, wọn ì bá sì máa sọ fún mọ̀lẹ́bí olóògbé pé àìsàn ló pa á.

Àwọn kan nínú wa gbà pé àìsàn òyìnbó ni àìsàn ọkàn. Irọ́ ni. Ní Abẹ́òkúta, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lágbára láti tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó ju 78 lọ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa tiwọn. Ìwádìí THESUS-HF, tó jáde ní 2012, kó irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ 1,006 jọ ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 52. Ọmọ ẹni ọdún 52 ṣì lè wà ní ilé ìwé.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà, èyí tí wọ́n dán wò lára àwa gan-an. Ní 2019, Dókítà Dike Ojji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí CREOLE jáde. Aláìsàn 728 ni wọ́n tọ́jú ní orílẹ̀-èdè 6, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Àpapọ̀ oògùn tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ló bá ẹ̀jẹ̀ wa lọ jù. Kì í ṣe oògùn tó ṣọ̀wọ́n, ó wà ní kẹ́mísì. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn ra èyí tí aládùúgbò yín ń lò. Ẹ rántí àwọn 56.

Ẹ̀yin ará Ifákọ̀, ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà kò jìnnà sí yín, ilé ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín wà nínú ọgbà ibẹ̀. Ẹ lọ na apá yín fún wọn, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń ru sí. Bó bá tó 140 lórí 90, ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá tún tó bẹ́ẹ̀, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìrí dókítà. Bí ẹ bá sì ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání, kí wọ́n yẹ ọkàn tirẹ̀ náà wò.