Irọ́ Tí A Pa fún Ẹ́ńjìnnì, Ta Ni Yóò San Gbèsè Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ ọgbà mẹkáníìkì létí àwọn kan. Kí wọ́n jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á dópin, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àjọṣe àwọn kan jẹ́ láàárín wa.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn oníṣòwò wa ti ń bi wá léèrè pé: bí ọkọ̀ oní-dísẹ̀lì bá wà lọ́wọ́ ẹni, ṣé ó dára kí a gbé e fún ẹni tí yóò fi kọ̀ǹpútà yí ọpọlọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i? Àwọn kan ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní jìbìtì ni. Àwa rí i pé ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè tó o.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ Hilux tí ó wà nílùú wa, bẹntiróò ni wọ́n ń mu. Ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Èyí tí ó ń mu dísẹ̀lì tí ó sì ní tọ́bò ni à ń wí, àwọn Hilux, Prado àti Land Cruiser tí a ń rí D-4D lára wọn. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù ń ti dísẹ̀lì sínú páìpù kan pẹ̀lú ipá ńlá, láti ibẹ̀ ni nọ́súlù kọ̀ọ̀kan ti ń mu tirẹ̀. Ìgbà tí nọ́súlù yóò ṣí, àti bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó padé, ohun tí àwọn rewáyà ń pè ní brain box ló ń pàṣẹ rẹ̀. Brain box kò ní ojú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké tí a fi síbi gbogbo lára ẹ́ńjìnnì ló ń jíṣẹ́ fún un: bí dẹ́rẹ́bà ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó, bí afẹ́fẹ́ ti wọlé tó, bí omi rédíétọ̀ ti gbóná tó, bí ipá dísẹ̀lì inú páìpù náà ti pọ̀ tó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi agbára kún un lè gba ojú ihò tí a ń so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù wọlé, kí ó pa àṣẹ tí ó wà nínú brain box rẹ́, kí ó kọ tirẹ̀ sí i. Bí kò bá fẹ́ ìyẹn, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀ṣọ́ tí ń ròyìn ipá dísẹ̀lì. Iṣẹ́ àpótí yìí ni kí ó máa pa irọ́. Ẹ̀ṣọ́ ní ipá ti tó, àpótí a gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, a sọ fún brain box pé kò ì tó; brain box a tún fi ipá kún un. Bẹ́ẹ̀ ni agbára ṣe ń pọ̀ sí i.

Àwọn àgbà wa tí wọ́n wa Land Cruiser àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ 1HZ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ń wọn dísẹ̀lì fún ìyẹn. Bí ẹnì kan bá ń fẹ́ agbára, mẹkáníìkì a yí skúrù lára pọ́ǹpù, dísẹ̀lì a pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tí yóò jó o lọ, èéfín dúdú a sì máa rú. Ṣùgbọ́n skúrù hàn sójú, èéfín náà kò ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀. Ti kọ̀ǹpútà kò hàn.

Ǹjẹ́ irọ́ tí a pa fún ẹ̀rọ, irọ́ ni? Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ilé-kéú wa bi wá léèrè bẹ́ẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì dára ju ti àwọn àgbà lọ. Òkúta kò létí, irin kò lọ́kàn; ẹni tí ó bá tan irin jẹ kò tí ì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ẹ̀ṣọ́ yẹn kò ṣọ́ ara rẹ̀. Nítorí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ni a ṣe fi í síbẹ̀. Bí baálé bá rọ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́tí kí ó lè sùn, ọlọ́dẹ kọ́ ni olè yóò jà.

Ọdún 2015 ni ayé rí irú irọ́ yìí níbi tí ó dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Jámánì kọ àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dísẹ̀lì wọn. Bí ọkọ̀ bá ti mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò, a mú èéfín rẹ̀ mọ́. Bí ó bá bọ́ sí títì, a máa tú èéfín olóró jáde, èyí tí ó lè tó ìlọ́po 40 ohun tí òfin gbà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn káàkiri ayé. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ ní irọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ló fà á símú.

Ẹni tí ó bá ń sọ pé “nǹkan mi ni, ohun tí ó wù mí ni mo lè fi ṣe” kò sọ irọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo òótọ́. Nínú àwọn ìwé mazhab Màlìkí tí a jókòó lé lórí ní ilé-kéú, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ààrò tàbí ilé ìwẹ̀ gbígbóná sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ wà níbẹ̀: bí èéfín rẹ̀ yóò bá máa ni àwọn aládùúgbò lára, wọ́n ní kí a dá a dúró. Ilẹ̀ ni tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹ wo àwọn ọmọ tí ń gba etí títì Kpakungu lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, kí ẹ wá rántí pé bí a bá ti fi dísẹ̀lì kún ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ kò sì pọ̀ tó, imú wọn ni ìyókù ń lọ.

Síbẹ̀, kí á má ṣe fi ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wá agbára ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìdí. Ẹni tí ó bá ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ agbépo lójú ọ̀nà Suleja, tí ó fẹ́ yà á sílẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń fà bí ẹni tí kò jẹun, mọ ohun tí àìlágbára lè fà. Dísẹ̀lì tí ó kọjá 700 náírà lítà kan ní 2022, tí ó sì kọjá 1,000 ní 2024, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ṣòfò. Ìdí tí ó wúwo jù lọ ni ti ọ̀nà Zungeru àti Tegina. Ní òpin oṣù Karùn-ún 2021 ni wọ́n kó ju ọgọ́rùn-ún ọmọ Islámíyà lọ ní Tegina. Oṣù Kẹjọ ni àwọn òbí tó rí wọn. Àwa tí ń kọ́ ọmọ ní kéú kì í gbọ́ orúkọ ìlú náà kí ara wa má bù máṣọ. Bí ará wa kan bá sọ pé òun fẹ́ ọkọ̀ tí yóò lè sá lójú ọ̀nà yẹn, a kò lè sọ fún un pé ayé ló ń jẹ.

Ṣùgbọ́n níbo ni agbára tuntun yìí ti ń wá? Kì í jábọ́ látọ̀run. Ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì kò lo gbogbo okun rẹ̀ tán. Ó fi díẹ̀ pamọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyálọ́jà ti ń so owó díẹ̀ mọ́ etí ìró nítorí ọjọ́ tí ọjà kò bá tà. Díẹ̀ yẹn wà fún ooru, fún ẹrù àpọ̀jù, fún dísẹ̀lì tí kò dára. Ẹ sì jẹ́ kí á bi ara wa, lágbàáyé, níbo ni a ti nílò owó etí ìró yẹn tó ọ̀dọ̀ wa? Títí di 2016 òfin wa gbà kí imí-ọjọ́ inú dísẹ̀lì tó 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí Yúróòpù kò gbà ju 10 lọ láti 2009. Ní òpin 2016 ni Nàìjíríà pẹ̀lú Benin, Togo, Ghana àti Ivory Coast ṣèlérí láti sọ ọ́ di 50. Ti èyí tí wọ́n ń sè nínú igbó ní ìsàlẹ̀ Niger, tí a ń dà pọ̀ mọ́ èyí tó dára, kò sí òfin tí ó wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ooru oṣù Máàṣì ní Minna kún un. Àwọn tí wọ́n ń kọ àṣẹ tuntun sínú brain box, inú ìlú tí dísẹ̀lì ti mọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti mú ìṣirò wọn wá.

Toyota fúnra wọn fi kún agbára Hilux 2.8 ní 2020, láti kìlówáàtì 130 sí 150. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn. Wọ́n fi tọ́bò tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, wọ́n sì tún ọ̀nà tí dísẹ̀lì ń gbà wọlé ṣe. Ipá fífà èyí tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ di 500 Newton-mita, ti èyí tí a ń fọwọ́ yí kò ju 420. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni o. Àwọn tí wọ́n ṣe é ló mọ ibi tí wọ́n ti ní kí ó dúró. Rewáyà wa ń ṣe ní wákàtí kan ohun tí àwọn yẹn fi irin tuntun ṣe, a sì ń retí pé kílọ́ọ̀ṣì, písítìn àti gásíkẹ̀ẹ̀tì àtijọ́ ni yóò gbé e. Ọkọ̀ tí ó gbóná tí ó sì kú sí ẹ̀bá Tegina nírọ̀lẹ́ kò tún lè sá fún ẹnikẹ́ni.

(Ti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀, kí á yára kọjá lórí rẹ̀. Kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Ó kàn ń sọ fún brain box pé ẹsẹ̀ ti wọlẹ̀ ju bí ó ti wọlẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń tà á ní orúkọ agbára, kí ó lọ tún Súrà al-Mutaffifīn kà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn oníwọ̀n èké wà.)

Àwọn méjì kan tọ̀ wá wá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n jọ dá owó ra Hilux ni, wọ́n fi ń kó ẹrù lọ sí Kontagora, wọ́n sì ń gbé èrò mọ́ ọn. Àbúrò ní òun fẹ́ kí wọ́n yí brain box rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní rárá. Àbúrò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá kọ́bọ̀ sí i, owó ara mi ni n ó fi ṣe é.” Ó rò pé ìyẹn ti parí ẹjọ́. A bi í pé bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, ṣé ìdajì tirẹ̀ nìkan ni yóò nọ́ọ̀kì? Ẹni tí ó san owó àtúnṣe kò tíì ra ẹ̀tọ́ ẹnì kejì rẹ̀. A tún bi í léèrè nípa àwọn èrò. Wọ́n san owó ọkọ̀ lórí pé ọkọ̀ náà wà bí àwọn ọkọ̀ yòókù ti wà. Ta ni yóò sọ fún wọn pé a ti rọ ọlọ́dẹ lọ́tí? Dẹ́rẹ́bà tí wọ́n gbà síṣẹ́ ńkọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bá agbára tuntun pàdé pẹ̀lú bíréèkì àtijọ́?

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bí kò bá dára, àwọn yóò tà á. A ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ọkùnrin tí ń ta oúnjẹ lọ́jà, tí Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì ọjà rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan èyí tí ó tutù nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Kò sì purọ́, òjò ló pa á lóòótọ́. Ohun tí a bá a wí sí ni pé kò kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ọkọ̀ tí a ti yí ọpọlọ rẹ̀, tí a sì tà láìsọ, ìsàlẹ̀ òkìtì rẹ̀ tutù. Kódà bí a bá ti dá àṣẹ àtijọ́ padà sínú rẹ̀, ọdún méjì tí ó ti fi gbóná kò ṣeé dá padà.

A kò sọ pé èèwọ̀ ni. Ẹni tí ọkọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí kò fi gbé èrò, tí ó ní kí wọ́n tọ́jú àṣẹ àtijọ́ pamọ́ fún òun, tí agbára tí ó fi kún un kò pọ̀ dé ibi tí èéfín yóò ti rú, tí ó sì ṣe tán láti sọ ọ́ fún dẹ́rẹ́bà àti fún ẹni tí yóò ra á, a kò rí ohun tí a lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí sí. A kàn ń wò ó pé mélòó ni irú wọn láàárín wa ní Minna, níbi tí kò ti sí ọkọ̀ ẹnìkan tí kò gbé ìyàwó aládùúgbò lọ sí ọsibítù rí.

Àwọn méjì yẹn gbà láti kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò. Fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún eruku ọyẹ́, rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ tọ́bò ti ya, nọ́súlù méjì ń jò. Wọ́n ti pààrọ̀ fílítà àti rọ́bà. Owó nọ́súlù ni wọ́n ń dá jọ báyìí, ìdajì ìdajì.