Omi Inú Sódábì

Olùfẹ́, bóyá o ti rí i rí, lọ́nà Sakété sí Pobè ní Benin, bí wọ́n ti ń se sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ yẹn. Láti 1922 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nípa ọ̀pẹ ní Pobè. Àwọn tó ń se sódábì á wó ọ̀pẹ, wọ́n á gba ẹmu rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó kan. Wọ́n á wá dà á sínú àgbá, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀. Oru á gba inú ọ̀pá bàbà tí wọ́n tì bọnú omi tútù, á sì máa kán, tó, tó, sínú ìgò.

Ohun tó ń kán yẹn mọ́ gaara. Omi wà nínú rẹ̀, ọtí wà nínú rẹ̀. Gbé ìgò náà sókè: ojú rẹ kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń rí ara mi lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, bí ẹni tó ti pò mọ́ ìfẹ́ Olúwa tán. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ kékeré kan láti ẹnu aládùúgbò á ti hú ìbínú àná síta.

Àwọn onímọ̀ ti wo inú irú àdàlù yìí. Bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ líle gba inú rẹ̀ kọjá nínú òkùnkùn, ìwọ̀nba díẹ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ara ìdí rẹ̀ ni pé inú àdàlù náà kò dọ́gba: omi pọ̀ díẹ̀ níhìn-ín, ọtí pọ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 2002, àwọn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature nípa methanol, ìbátan olóró ọtí tí à ń mu, pé mólékù omi ṣì ń di ara wọn mú ní ìṣù kéékèèké láàárín rẹ̀.

Irú ìṣù bẹ́ẹ̀ wà nínú mi, olùfẹ́. Ìbínú kan nìyí, ìbẹ̀rù owó ilé-ìwé àwọn ọmọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n dúró tì mí díẹ̀. Ìṣù omi wọ̀nyẹn kì í pẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi di ara wọn mú ń já, ó ń so padà, láìmọye ìgbà kí ojú tó ṣẹ́. Kò sí èyí tó di òkúta.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nìyí: bu omi 50 mililítà, bu ọtí pọ́nńbélé 50, dà wọ́n pọ̀. Kò ní pé 100. Nǹkan bí 96 ni wàá rí. Gbé e lé òṣùwọ̀n, ìwúwo rẹ̀ kò dín. Wọ́n kàn sún mọ́ra ni, wọ́n fàyè gba ara wọn. Àdàlù tí kò tíì dọ́gba yẹn náà ló sì fàyè gba ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó síwájú Olúwa láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ìṣù mi. N kò fi í pa mọ́ fún ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀. Mo dárúkọ ìbínú náà fún Un, jẹ́jẹ́. Ìwọ náà, dárúkọ tìrẹ.

Aládùúgbò mi yóò kọjá lẹ́nu ọ̀nà láìpẹ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí i.