Bí Ajíhìnrere Bá Bojú Wẹ̀yìn

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, kò sí àní-àní pé o ti gbọ́ bí a ti ń yin àwọn tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ lọ wàásù ní ilẹ̀ àjèjì. A ó ní wọ́n kọ ìrọ̀rùn sílẹ̀, a ó ní wọ́n la òkun já, a ó ní ibà kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi wọ́n, òun ni mo sì fẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ jọ yẹ̀ wò: nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà sí ìlú rẹ̀, tí ó sì bojú wẹ̀yìn, kí ni ó yẹ kí ó kà sí èrè, kí ni ó sì yẹ kí ó kà sí gbèsè?

Ọ̀ràn báyìí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ lásán wádìí. Jẹ́ kí á mú ẹnìkan. Ní 1827 ni a bí Anna Martin ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Ní 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., nígbà tí ó sì fi di 1853, tọkọtaya náà ti dé Ìbàdàn. Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí. Bí o bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, o mọ ṣọ́ọ̀ṣì St. David's tí ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyáàfin Hinderer kò bímọ, ṣùgbọ́n ó kó ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀, ó ń kọ́ wọn ní ìwé àti ìránṣọ, òun náà sì ń kọ́ èdè wọn lẹ́nu wọn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni a ń kà sí i lọ́rùn ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ìwé kan wà tí a tẹ̀ nípa rẹ̀ ní 1872, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Seventeen Years in the Yoruba Country. Kíyè sí i pé kì í ṣe òun ni ó jókòó ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ láti kọ ọ́. Kò tilẹ̀ rí ọjọ́ ogbó. Ní 1870 ni ó kú, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Lẹ́tà rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣà jọ. Lójú tèmi, èyí ni ó mú kí ìwé náà ṣe é gbà gbọ́. Ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn ti mọ bí ọ̀ràn náà ti parí. Nítorí náà a máa rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú gbogbo kòtò tí ó jìn sí. Ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà ṣì wà nínú kòtò, kò sì mọ̀ bóyá òun yóò jáde. Bí àgbàlagbà kan bá ń sọ fún ọ bí ìgbà èwe òun ti dùn tó, fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bèèrè bóyá lẹ́tà kan kù tí ó kọ nígbà náà.

Wàyí o, ohun tí ó ṣòro jù fún ajíhìnrere láti wò tààrà ni pé ayọ̀ tirẹ̀ lè jẹ́ ẹkún ẹlòmíràn. Ní Ìbàdàn ìgbà náà, àwọn òbí kan na ọmọ wọn, wọ́n sì dè wọ́n mọ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n ń lọ sí ilé ìsìn ní Kúdẹtì. A ti mọ́ wa lára láti bínú sí irú òbí bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé wọ́n ṣe dáadáa. Ẹni tí ó de ọmọ rẹ̀ lókùn kò ṣe dáadáa. Síbẹ̀, fi ara rẹ sí ipò bàbá náà. Ọmọ tí ó gbójú lé pé yóò sin òun, tí yóò sì máa rántí òun ní ojú oórì gẹ́gẹ́ bí òun ti ń rántí bàbá tirẹ̀, ni àlejò kan wá kọ́ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò wá pè é nígbà tí ó bá kú? Kì í ṣe ìkà nìkan ni ó wà nínú ẹgba náà. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀.

Ìwọ lè dá mi lóhùn pé òtítọ́ kì í dúró de ìyọ̀ǹda bàbá ẹnikẹ́ni. Mo gbà. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé ìyè ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun, tí ó sì fi pamọ́ fún aládùúgbò rẹ̀, kò fẹ́ràn aládùúgbò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ tí yóò mi ilé jìgìjìgì, ó yẹ kí ó wà lábẹ́ òrùlé kan náà nígbà tí àjà bá ń já. Àlejò lè di ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ. Ọmọ tí a nà kò ní ibòmíràn tí yóò lọ.

Ogun ni ó dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1860 Ìbàdàn kọjú ìjà sí Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú sì dí ọ̀nà. Láti ìgbà náà fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, kò rọrùn fún ohunkóhun láti ti Èkó dé Kúdẹtì. Owó tán, oúnjẹ di ọ̀wọ́n, tọkọtaya náà sì ń kó ẹrù ilé tà kí wọ́n tó rí oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ọjà kan náà ni àwọn àti aládùúgbò wọn ń ná, ebi kan náà ni ó ń pa wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìgbà wo ni Ìyáàfin Hinderer gba ẹ̀tọ́ láti bá ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀, n kò ní tọ́ka sí ọjọ́ tí ó gúnlẹ̀ ní èbúté. Àwọn ọdún ebi wọ̀nyí ni n óò tọ́ka sí.

Ogun yìí kan náà ni ó fi ohun mìíràn hàn. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò tí ó bá pẹ́ ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó rán Townsend sí Abẹ́òkúta, tí ó rán Mann sí Ìjàyè, tí ó sì rán Hinderer sí Ìbàdàn. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà. Síbẹ̀, nígbà tí ogun dé, Townsend rí i pé àwọn Ẹ̀gbá ni ó jàre, Mann káàánú Ìjàyè, Hinderer sì gbèjà Ìbàdàn. Ojú onílé ni olúkúlùkù wọn fi ń ríran. Èmi kò bá wọn wí púpọ̀ nítorí èyí, nítorí ẹni tí ó bá ń gbọ́ ẹkún opó ní ìdí ògiri rẹ̀ lóròòru kò lè wà láàárín bí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ní 1862, Ìbàdàn pa Ìjàyè run, ó sì kó ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Ìlú tí obìnrin yìí fẹ́ràn ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ a máa kọ́ni ní ohun púpọ̀ nípa ẹni tí a fẹ́ràn. Kì í sábà kọ́ni ní ohun kan nípa ẹni tí ó wà ní òdìkejì odi.

Ní 1865 Glover, tí ó ń ṣe olórí ìjọba ní Èkó, rán ènìyàn gba ọ̀nà inú igbó wá mú un lọ. Ó relé, ara rẹ̀ mókun díẹ̀, ó sì tún padà wá. Ní 1869 ni ó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé a wá mú aláìsàn lọ. Síbẹ̀, àwọn obìnrin Kúdẹtì tí wọ́n jọ jìyà kò ní ẹnikẹ́ni ní Èkó tí yóò rán ènìyàn wá mú wọn, àìsàn ì báà ṣe wọ́n bí ó ti wù kí ó ṣe wọ́n.

Lọ́wọ́ ta ni ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀? Lọ́wọ́ Daniel Olubi ni, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà èwe ni Olubi ti wà lọ́dọ̀ àwọn Hinderer. Ní 1871 a fi jẹ díákónì, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà. Nígbà tí a bá ń ka àwọn tí wọ́n sìn ní ilẹ̀ àjèjì, a kì í kà á mọ́ wọn, nítorí pé dúdú ni, tí ó sì ń sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá ni Olubi, Abẹ́òkúta ni ilé rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí Ìbàdàn fi ń bá Ẹ̀gbá jà, Ìbàdàn ni ó ń gbé, láàárín àwọn tí wọ́n ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ jagun. Lẹ́yìn tí Ìyáàfin Hinderer ti lọ, Olubi dúró síbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, títí ó fi kú ní 1912.