Ṣọ́ọ̀bù Tì, Gbèsè Ò Tì: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Ká Gba Owó Ìrànwọ́ Ìjọba?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó ń tẹ́ arísìkí sílẹ̀ fún ẹni tó wù Ú, tó sì ń dín in kù fún ẹni tó wù Ú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké ló ti dẹnu kọlẹ̀ ní Ọ̀tà àti Sángo: tẹ́lọ̀, ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà, ìyá olóúnjẹ tó ń tà fún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tì, gbèsè ò tì. Bí ìjọba bá wá kéde owó ìrànwọ́, ẹlòmíì á ní agbe ṣíṣe ni, òun ò gbà. Ẹlòmíì á kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan. Àwọn méjèèjì ló ṣì í.

Imam Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Sa'id al-Khudri pé ọkùnrin kan ra èso nígbà ayé Ànábì, àjálù bá èso náà, gbèsè sì bò ó mọ́lẹ̀. Ànábì ní kí àwọn èèyàn ṣe sàráà fún un. Wọ́n ṣe é, kò ká gbèsè. Ànábì wá sọ fún àwọn tí ó jẹ lówó pé kí wọ́n gba ohun tí wọ́n bá rí, kò sí òmíràn fún wọn. Ẹ kíyè sí i: wọ́n dá owó fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn olówó ni owó náà lọ.

Nínú hadíìsì Qabisa ọmọ Mukhariq, èèyàn mẹ́ta ni Ànábì gbà láyè láti tọrọ: ẹni tó ṣe onídùúró gbèsè, ẹni tí àjálù run dúkìá rẹ̀, àti ẹni tí òṣì bá, tí ọlọ́gbọ́n mẹ́ta nínú àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ti rí ohun gbéra ró, kó dáwọ́ dúró. Àyè wà, ààlà sì wà.

Nítorí náà, kí o tó kọ fọ́ọ̀mù, mọ nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, mọ̀ bóyá ọ̀fẹ́ ni tàbí ẹ̀yáwó. N10,000 tí wọ́n pè ní TraderMoni ní 2018, ẹ̀yáwó tí kò lélé ni. Ẹni tó gbà á tí kò san án, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. N30,000 tí wọ́n ṣètò fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní 2020 lásìkò kòrónà, àti N50,000 tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún oníṣòwò kéékèèké ní 2024, ọ̀fẹ́ ni ìwọ̀nyẹn.

Èkejì, sọ òótọ́. Bí wọ́n bá ní ẹni tó ń ṣòwò lọ́wọ́ làwọn fẹ́, tí ìwọ sì ti palẹ̀ ẹrù mọ́, má ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ fún wọn. Má sì fún ẹnikẹ́ni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí orúkọ rẹ lè wọlé. Owó tí irọ́ mú wá kò ní alùbáríkà.

Ẹ̀kẹta, má sá fún ẹni tí o jẹ lówó. Bí wọ́n bá ní òwò ni kí o fi owó náà ṣe, fi ṣòwò, kí o máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀ nínú èrè. Ànábì kò kọ́kọ́ kírun sí òkú onígbèsè lára, àfi ìgbà tí Abu Qatada gba gbèsè náà sọ́rùn. Ìwọ tí wọ́n jẹ lówó náà, Súrà Bakarah, áyà 280, ní kí o fún ẹni tí ara ń ni ní àsìkò. Bí o bá sì yọ̀ǹda fún un, ó sàn fún ọ jù.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹgbẹ́ wa. Onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súrà Taobah, áyà 60. Kí ìjọba tó kéde, ó yẹ kí àwa ti mọ̀. Bí a kò bá mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù arákùnrin tàbí arábìnrin wa ti tì, níbo ni yóò ti rí ọlọ́gbọ́n mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí fún un?

Kí Ọlọ́hun fi haláàlì Rẹ̀ tó wa kúrò lọ́dọ̀ haráàmù, kí Ó sì tú gbogbo onígbèsè sílẹ̀. Àmín.