Ọlọ́run Fi Rọ́bà Tíúbù Yọ Mí

Orí mi ṣì wà lọ́rùn mi, ọpẹ́ ni mo wá dá.

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé orí máṣíìnì ni mo máa ń wà káàkiri apá àríwá Èkìtì yìí, láti Ìkọ̀lé sí Ọyẹ́, sí Ìdó, títí dé Ọ̀tùn. Mo máa ń ya fídíò ọ̀nà bí mo ṣe ń lọ, kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè rí òkè àti igbó ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní 2022, tó lo ọjọ́ 41 lọ́nà nítorí àti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ṣe ni ara mi ń yá gágá. Ẹ̀gbọ́n mi fi kámẹ́rà kékeré ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó, àmọ́ kò sí ohun tí a ó fi dè é mọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì.

Ohun ìdè yẹn gan-an ló ni iṣẹ́. Nick Woodman tó dá ilé iṣẹ́ kámẹ́rà GoPro sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2002, ìdè ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ rán, kí kámẹ́rà má baà bọ́ sínú òkun. Ó di 2004 kí kámẹ́rà tiwọn tó jáde.

Mo tọ bàbá mẹkáníìkì kan lọ ní Ìkọ̀lé. Bàbá ní òun kì í lu ihò sára hẹ́límẹ́ẹ̀tì, nítorí ibi tí a bá ti lù ú ni yóò ti kọ́kọ́ là. Wọ́n ní bí irin bá dúró gán-ún lórí èèyàn, tó bá fi lè ṣubú, irin náà á há mọ́ ilẹ̀, á sì lọ́ ọ lọ́rùn. “Ohun tí a bá so mọ́ orí èèyàn, ó gbọ́dọ̀ lè já.” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Wọ́n gé àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì àlòkù, wọ́n fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ẹ títí ó fi tẹ̀ bí ẹ̀yìn hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí gìrìgìrì ẹ́ńjìnnì ba àwòrán jẹ́. Wọ́n gé ike kẹ́ẹ̀gì ṣe ìjókòó kámẹ́rà. Fọkanáísà tó wà lódìkejì fún wa ní tíúbù tó ti bẹ́. A gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a fi dè é ní ìdè àgbélébùú. Bàbá wá mú abẹ fẹ́lẹ́, wọ́n rẹ́ etí tíúbù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, pé ibẹ̀ ni kó ti já bí agbára bá pọ̀.

Ará, ó já! Mo ti kọjá Ìtapá, mò ń bọ̀ ní Ìkọ̀lé, nígbà tí ewúrẹ́ bẹ́ sójú títì. Táyà iwájú yọ̀ lórí iyanrìn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó ni mo ti lajú. Egungun èjìká mi kán, àmọ́ wọ́n ya fọ́tò orí àti ọrùn, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì fún mi, ojú ibi tó ti ha ilẹ̀ gùn, ó sì gba ibi tí kámẹ́rà jókòó sí kọjá gbọọrọ. Ká ní irin ni!

Kámẹ́rà tó já bọ́ sínú koríko ò kú. Ojú ọ̀run nìkan ló ń yà, ṣùgbọ́n ó ń gba ohùn. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ń pariwo pé: “Ẹ má fà á lọ́rùn! Ẹ má tíì ṣí ohun tó dé! Ẹ jẹ́ ká gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan!” Mo gbọ́ awakọ̀ kan tó ní: “Ẹ gbé e wọlé, ẹ má dárúkọ owó.” Ẹ mọ bó ṣe ń rí lójú ọ̀nà wa. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹni tó fara pa, kí wọ́n má baà ní àwọn ló kọ lù ú. Àwọn wọ̀nyí ò bẹ̀rù. Wọ́n gbé mi gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì dé Ìdó.

Nígbà tí ara mi yá, mo gbé ohùn náà lọ sí Ìtapá, mo ń ṣí i fún àwọn èèyàn létí ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ọsàn gbọ́ ọ, ó ní, “Ohùn ìyá mi rèé!” Ó mú mi délé. Màmá ló júwe awakọ̀ náà fún mi.

Àwọn méjèèjì ló jókòó sí ìlà kejì yẹn, pẹ̀lú bàbá mẹkáníìkì mi. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí ìjọ bá mi kí yín.